Jíìpù Àgbà Tó Ń Mu Epo Jù: Ẹ Kọ́kọ́ Wọ̀n Ọ́n Ná

Ẹjọ́ kan náà ni gbogbo ẹni tó ní jíìpù àgbà ní Ẹ̀pẹ́ yìí máa ń wá rò fún mi: "Ẹ̀gbọ́n, epo tí mọ́tò yìí ń mu fẹ́ pa mí." Bí mo bá bi wọ́n pé lítà kan ń gbé wọn rin kìlómítà mélòó, ẹnu á wọhò. Wọ́n á ní epo ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà làwọn rà lánàá, abẹ́rẹ́ gééjì sì ti wálẹ̀ lónìí. Ìyẹn ò sọ nǹkan kan fún mi. Iṣẹ́ awọnlẹ̀ ni mò ń ṣe. Oníbàárà ò lè fi ojú wo ilẹ̀ kó ní púlọ́ọ̀tì méjì ni, kí èmi náà sì kọ ọ́ sínú ìwé bẹ́ẹ̀. Téèpù la máa fà. Epo náà, téèpù ni kí ẹ kọ́kọ́ fà sí i kí ẹ tó gbé mọ́tò lọ bá mẹkáníìkì kankan.

Toyota 4Runner ọdún 1999 ni tèmi, ẹ́ńjìnnì V6 lítà 3.4, jíà ọ̀tọmátíìkì, ọ̀pá kékeré ti fóò-wíìlì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá jíà. Àwọn ará ilé mi ní kí n tà á kí n ra Corolla. Corolla kò lè dé ẹ̀yìn Mọ́jọ̀dá nínú oṣù Keje, ìdí tí mo fi ń tọ́jú èyí nìyẹn. Kí Ààrẹ Tinubu tó kéde ní 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà kan kò tó 200 náírà ní Èkó, kò sì sẹ́ni tó ń bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí jíìpù ń mu. Nígbà tí ọdún 2024 fi máa parí, ó ti lé ní 900. Ìbẹ̀jú-Lẹkki lọ́hùn-ún ni ilé ìfọpo Dangote wà, kò jìnnà sí wa rárá, ṣùgbọ́n aládùúgbò ilé ìfọpo náà ń ra epo ni o.

Bí ẹ ó ṣe wọ̀n ọ́n rèé. Ẹ lọ sílé epo, ẹ ní kí wọ́n ta á kún títí ẹnu pọ́ǹpù á fi já fúnra rẹ̀. Tó bá ti já, ó tán, ẹ má jẹ́ kí ọmọ ilé epo tún máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ kí owó lè pé iye tó gún. Ẹ kọ iye tí mítà orí dáṣíbọ́ọ̀dù kà sílẹ̀. Ẹ wa mọ́tò yín bí ẹ ṣe ń wà á tẹ́lẹ̀, ẹ má ṣe ojú ayé. Tí epo bá ti dín tó ìdajì táńkì, ẹ padà sílé epo yẹn gan-an, sídìí pọ́ǹpù yẹn gan-an, kí ọkọ̀ dojú kọ ibi tó kọ lọ́jọ́ yẹn, nítorí ilẹ̀ tó dagẹ̀rẹ̀ ń yí bí táńkì ṣe ń kún padà. Ẹ tún ta á kún títí yóò fi já. Lítà tó wọlé lọ́tẹ̀ yìí ni ohun tí ẹ jó. Ẹ fi pín kìlómítà tí ẹ rìn.

Tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ jíìpù wa, máìlì ni mítà wọn ń kà. Ẹ sọ ọ́ di kìlómítà nípa fífi 1.6 ṣe ìsọdipúpọ̀. Bí ó bá ka máìlì 150, ìyẹn tó kìlómítà 240. Bí epo tó wọlé bá jẹ́ lítà 40, lítà kan gbé yín ní kìlómítà mẹ́fà. Ẹ ṣe é ní ìgbà bíi mẹ́ta kí ẹ tó gbà á gbọ́. Ìwé kékeré kan wà nínú píjìnhóòlù mi tí mo ń kọ ọ́ sí, bírò wà lára rẹ̀ pẹ̀lú okùn, torí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi kì í dá bírò padà.

Jíìpù V6 bí irú èyí tí ara rẹ̀ le, tó ń rin títì àti ìgboro pọ̀, á fún yín ní kìlómítà méje sí mẹ́jọ lórí lítà kan. Tí ẹ bá rí i, ẹ fi Ọlọ́run sílẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Tí ó bá wà ní mẹ́fà, àtúnṣe kéékèèké wà níbẹ̀. Tí kò bá tó márùn-ún, tí kì í sì í ṣe inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ajah ni ẹ ń gbé, àìsàn ń bẹ lára rẹ̀.

Ohun kan wà tó lè da ìṣirò yìí rú: táyà ńlá. Àwọn ọmọkùnrin fẹ́ràn kí jíìpù ga. Ẹni tó bá yọ táyà 265/70R16 kúrò, tó fi 285/75R16 sí i, táyà rẹ̀ á fi bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti tẹ́lẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mítà bá ní ó rin kìlómítà 100, 107 ló rìn. Kí ó tó sọ pé mọ́tò òun ń jẹun jù, kó fi ìyẹn kún un. Ṣùgbọ́n táyà yẹn wúwo ju ti ilé iṣẹ́ lọ, ẹ́ńjìnnì ló sì ń yí i, nítorí náà kò kúkú jàre pátápátá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò ní ná yín ní kọ́bọ̀. Bíréèkì tó ń dì ń jẹ epo ju bí ènìyàn ṣe rò lọ, kì í sì í pariwo. Níwájú 4Runner irú tèmi, pístìn mẹ́rin ló wà nínú kálípà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn irin tó ń ti páàdì mọ́ díìsì. Ẹrẹ̀ àti omi òjò á wọ ibẹ̀, ìpẹtà á mú pístìn kan, kò ní lè padà mọ́, páàdì á wá máa ha díìsì ní gbogbo ìgbà tí ẹ ń sáré. Ẹ máa tẹ iná kí ọkọ̀ lè lọ, bíréèkì á máa dá a dúró. Bí mo bá ti Ìtòíkín bọ̀, tí ọ̀nà dán tí mi ò fi bẹ́ẹ̀ tẹ bíréèkì, tí mo bá dúró nílé, màá na ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ rímù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fọwọ́ kàn án o, ó lè jó yín. Èyí tí ooru rẹ̀ bá yàtọ̀ sí ti èkejì rẹ̀, òun ni ọ̀daràn. Kí ó lè dá yín lójú, ẹ fi jáàkì gbé wíìlì náà sókè lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ fi òkúta ti àwọn wíìlì yòókù, ẹ fi jíà sí nútírà, ẹ sọ hándíbíréèkì kalẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ yí i. Ó yẹ kó yí pẹ̀lú ìwọ́nba ìhara. Tó bá nira bí ẹni pé ẹ ń yí ọlọ, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ oníbíréèkì. Ti ẹ̀yìn tó jẹ́ dúrọ́ọ̀mù, àfi kí ẹ ṣọ́ àwọn tó máa ń fún un le jù nígbà tí wọ́n bá pààrọ̀ ṣúù, àti okùn hándíbíréèkì tó ti dípẹtà tí kì í sọ̀ tán.

Atẹ́gùn táyà tẹ̀ lé e. Ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ fẹ́ wà lórí ìlẹ̀mọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn dírẹ́bà. Ẹ má tẹ̀ lé èyí tí wọ́n kọ sára táyà fúnra rẹ̀, ìyẹn ni òpin ohun tí táyà lè gbà. Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí mọ́tò tó rìn, torí táyà tó ti gbóná á purọ́ fún yín. Ẹ ra gééjì tiyín. Ti ọ̀pọ̀ fọkanáísà ti já bọ́ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé àdúrà ló fi ń wọ̀n. Ìṣirò tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi lélẹ̀ ni pé bí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá fi PSI (òṣùwọ̀n tí gééjì táyà ń kà) kọ̀ọ̀kan dín sí bó ṣe yẹ, epo tó ń lọ á fi kún ní nǹkan bí ìdá 0.2 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó kéré lójú. Ṣùgbọ́n àwa tí a máa ń tú atẹ́gùn sílẹ̀ di 20 kí táyà lè rí ẹrẹ̀ dì mú lẹ́yìn Agbowa, tí a sì ń gbé e bẹ́ẹ̀ wálé, tí a tún ń gbé e bẹ́ẹ̀ lọ sí Èkó lọ́jọ́ kejì, a ń san owó yẹn lọ́nà méjì: lára epo àti lára táyà tó ń jẹ létí méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ fóò-wíìlì wá kàn. 2H, níbi tí wíìlì ẹ̀yìn nìkan ti ń fa ọkọ̀, ni kí ọ̀pá kékeré máa wà lórí títì ọ̀dà gbígbẹ. Mo mọ àwọn tó ń fi 4H, ìyẹn wíìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, sá eré lórí títì Lẹkki sí Ẹ̀pẹ́ nítorí wọ́n ní ó ń di ilẹ̀ mú. Lórí mọ́tò irú èyí, tí kò ní ohun tó ń jẹ́ kí iwájú àti ẹ̀yìn yàtọ̀ síra nígbà tí ẹ bá ń kọ́nà, ńṣe ni iwájú àti ẹ̀yìn á máa bára wọn jà. Epo á lọ, táyà á lọ, jíà kékeré náà á sì lọ níkẹyìn. Tí ẹ bá ti ẹrẹ̀ jáde tí ẹ dá a padà sí 2H, ẹ rí i dájú pé iná àmì fóò-wíìlì kú. Tí kò bá kú, ẹ fi rífáàsì rìn díẹ̀, ó máa ń já. Àwọn tó ní Patrol, Hilux tàbí Pajero àtijọ́ tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí ojú wíìlì iwájú, kí ó wà ní FREE nígbà tí ẹ kò sí nínú igbó. Prado 120 àti Land Cruiser 100 ní tiwọn kì í yọ fóò-wíìlì rárá, ẹ kàn má fi lọ́ọ̀kì àárín rẹ̀ sílẹ̀ lórí títì.

Ẹ má wá torí epo pa á tì. Ìwé Toyota fúnra rẹ̀ ní kí ẹ máa lo fóò-wíìlì fún bíi kìlómítà 16 lóṣooṣù kí òróró lè kan àwọn irin iwájú. Ojú ọ̀nà yẹ̀pẹ̀ ni kí ẹ ti ṣe é.

Bọ́tìnnì kan tún wà lára ọ̀pá jíà, O/D. Tí iná "O/D OFF" bá tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, jíà kẹrin ti wà ní títì pa, ẹ́ńjìnnì á máa ké lórí eré tí kò yẹ kó ti máa ké. Ọmọdé, àpò, ìgbọ̀nwọ́, ohun gbogbo ló lè tẹ̀ ẹ́. Ẹ wò ó báyìí kí ẹ tó ka ibi tó kù.

Mo wá dé ibi tó ń bí mi nínú jù, tẹ́mósítáàtì. Mọ́tò bá gbóná lójú ọ̀nà, ohun àkọ́kọ́ tí mẹkáníìkì á sọ ni pé "Bàbá, ẹ jẹ́ ká yọ nǹkan yìí dànù, àwọn òyìnbó tó wà nínú òtútù ló wà fún." Wọ́n á yọ ọ́, mọ́tò ò ní gbóná mọ́ fún ìgbà díẹ̀, gbogbo ènìyàn á yọ̀. Ohun tí nǹkan kékeré yẹn ń ṣe ni pé ó ń ti ọ̀nà omi pa títí ooru omi á fi tó nǹkan bí 82 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kó tó ṣí i sí rédíétọ̀. Tí kò bá sí níbẹ̀, omi á máa yí láti ìbẹ̀rẹ̀, afẹ́fẹ́ orí eré á sì máa tu ú lára. Ẹ́ńjìnnì ò ní gbóná tó. Sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ooru omi á máa sọ fún bíréènì-bọ́ọ̀sì (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì) pé ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni, bíréènì-bọ́ọ̀sì á sì máa da epo kún epo bó ṣe máa ń ṣe fún ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ẹ ti dé Ìjẹ̀bú-Òde, lójú tirẹ̀ ilẹ̀ ò tíì mọ́. Òróró ẹ́ńjìnnì náà ò ní yọ́ dáadáa, ẹ́ńjìnnì á tún tètè jẹ.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀: lórí títì tó dán, abẹ́rẹ́ ooru yẹ kó dúró gbọin nísàlẹ̀ ìdajì díẹ̀. Tó bá ń sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ C, tó tún ń gòkè nígbà tí ẹ bá dúró nínú hóò-hóò ọkọ̀, wọ́n ti yọ ọ́. Ẹ ra ojúlówó, kí wọ́n dá a padà, kí ihò kékeré tó ní irin wínníwínní nínú wà lókè kí afẹ́fẹ́ lè gbabẹ̀ jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ìdí tí mọ́tò fi gbóná lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an: rédíétọ̀ tó dí, ọmọrí rédíétọ̀ tó ti rọ, omi ẹ̀rọ lásán tí ẹ ń rọ síbẹ̀ dípò kúláǹtì, tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì tó ti jó. Èyí tó kẹ́yìn yìí ò gbọ́dọ̀ pẹ́.

Fáànù tún wà níbẹ̀. Nínú 4Runner yìí, bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ló ń yí i, kílọ́ọ̀ṣì kan tó ní òróró nínú ló sì ń jẹ́ kó yọ̀ nígbà tí ara tutù, kó sì dì mú nígbà tó bá gbóná. Mo ti rí èyí tí wọ́n fi bóòtì dè pa kó má baà yọ̀ láéláé. Ẹ ó gbọ́ ariwo rẹ̀ láti òkèèrè, á máa hó bí ẹ bá ti tẹ iná, agbára tó sì fi ń hó, inú epo yín ló ti ń yọ ọ́. Láàárọ̀ kí ẹ tó sítáàtì, tí kọ́kọ́rọ́ wà lápò yín, ẹ fi ọwọ́ yí fáànù. Kó lọ díẹ̀ kó dúró, ó dáa. Kó máa pòòyì lọ, kílọ́ọ̀ṣì ti kú. Kó má mira rárá, wọ́n ti dè é.

Lórí ìtọ́jú ẹ́ńjìnnì, wọ́n á ní kí ẹ fọ nọ́súlù, ẹnu tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì. Nígbàkígbà, nọ́súlù. Mi ò ní kí ẹ má fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kí ẹ tó sanwó, ẹ so skánà, ẹ̀rọ tó ń ka ẹjọ́ inú bíréènì-bọ́ọ̀sì, mọ́ ọkọ̀. Láti ọdún 1996 ni Amẹ́ríkà ti mú un ní dandan kí ọkọ̀ tuntun tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ní ihò OBD-II, èyí tí skánà ń wọ̀, lábẹ́ sítíárìn. Skánà kékeré tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀ kò wọ́n, àwọn tó ń ta páàtì ní in. Kóòdù P0172 túmọ̀ sí pé epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, ẹjọ́ yín gan-an nìyẹn. P0171 ni òdìkejì rẹ̀. P0135, ohun tó ń mú sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn (èyí tó ń wo èéfín bóyá epo pọ̀ jù tàbí ó kéré) gbóná ti bàjẹ́. Ẹ ó tún rí ìwọ̀n ooru omi níbẹ̀ ní nọ́ńbà, tí ẹ kò bá gba abẹ́rẹ́ gbọ́. Kí ẹ tó so ó, ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ láì sítáàtì: iná "check engine" gbọ́dọ̀ tàn. Tí kò bá tàn, ẹnì kan ti yọ gílóòbù rẹ̀ kí ó tó ta mọ́tò fún yín.

Sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn tó ti kú lè jẹ epo kọjá sísọ. Nínú gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, òun ló lè mú kí nọ́ńbà inú ìwé yín fò lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wo páìpù èéfín pẹ̀lú. Tí ihò bá wà lára rẹ̀ kí ó tó dé ibi sẹ́ńsọ̀, afẹ́fẹ́ òde á wọlé, sẹ́ńsọ̀ á rò pé epo kéré, bíréènì-bọ́ọ̀sì á da sí i. Wẹ́dà ni yóò yanjú ìyẹn, owó rẹ̀ ò tó nǹkan. Sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọlé, èyí tó wà lẹ́yìn fílítà, ní sípíréè tirẹ̀ tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́. Ẹ má fi epo bẹntiróòlù fọ̀ ọ́, ẹ má sì fi aṣọ nù ún, wáyà inú rẹ̀ tín-ín-rín.

Púlọ́ọ̀gì mẹ́fà. Àlàfo ẹnu rẹ̀, mílímítà 1.1. Ayédèrú pọ̀ lọ́jà, ẹ rà á lọ́wọ́ ẹni tí ẹ lè rí lọ́la. Ẹ wo èyí tí wọ́n yọ: tí ẹnu rẹ̀ bá dúdú bí èédú, epo ń pọ̀ jù; tó bá ní àwọ̀ ilẹ̀ gbígbẹ, ó dáa.

Fílítà afẹ́fẹ́ ńkọ́? Eruku ọ̀nà wa ń dí i kíákíá, ó sì yẹ kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ nítorí ẹ̀mí ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n lórí ọkọ̀ tó ń lo nọ́súlù, kì í fi bẹ́ẹ̀ dín epo kù. Agbára ni ẹ máa rí. Ti ayé kábúrétọ̀, kí nọ́súlù tó dé, ni àwọn tó ń sọ pé ó ń gba epo là ń sọ.

Òróró ẹ́ńjìnnì: 5W-30 ni ilé iṣẹ́ fẹ́ fún ti irú tèmi, 20W-50 tó ki jù ú lọ sì ni wọ́n á fún yín tí ẹ kò bá sọ̀rọ̀. Èyí tó ki ń jẹ epo díẹ̀ sí i. Tí ẹ́ńjìnnì yín bá ti ń yọ èéfín, tó sì ń mu òróró, ẹ fi èyí tó ki sílẹ̀ síbẹ̀, ìṣòro yín ti ju ti epo lọ.

Ẹrù ni àwọn ọmọ iṣẹ́ mi fi ń jẹ mí níyà. Òkúta ààlà tí a ń rì mọ́lẹ̀, kọnkéré ni gbogbo rẹ̀, wọ́n á kó o sẹ́yìn fún iṣẹ́ Ẹ̀rẹ̀dò, iṣẹ́ á parí, ìyókù á máa bá mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nǹkan bíi kìlógíráàmù 45 ẹrù ń gba ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún epo. Èyí tí ẹ bá gbé sórí òrùlé burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí atẹ́gùn ń gbá a mú. Tí ẹ kò bá ń lo irin òkè yẹn, ẹ tú u kalẹ̀.

Wíwà rẹ̀ kò gùn láti sọ. Tí eré bá ti kọjá kìlómítà 80 ní wákàtí kan, epo á bẹ̀rẹ̀ sí í yára lọ, jíìpù tó rí gbàgede níwájú bẹ́ẹ̀ kò lè gé afẹ́fẹ́. Ẹ fojú sí iwájú, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná kí ẹ tó dé ibi tí wọ́n ti ń dúró, kí ẹ má baà sá eré lọ pàdé bíréèkì. Tí ẹ bá ń dúró de ẹnì kan ní ọjà Olúwo tó ń ná ẹja, ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Dídúró lásán ń jó bíi lítà kan sí méjì ní wákàtí kan, AC sì ń fi kún un. Nínú ìgboro, tí ọkọ̀ ń rá, ẹ lè ṣí fèrèsé. Lórí eré, ẹ tì í kí ẹ tan AC.

Ó ku àwọn tó ń ta nǹkan kékeré tí ẹ máa kì bọ ihò OBD tí wọ́n ní á dín epo kù ní ìdajì, àti mágínẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń dè mọ́ okùn epo, àti oògùn tí wọ́n ń jù sínú táńkì. Àjọ EPA tó ń bójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà ti yẹ irú nǹkan báyìí tó lé ní ọgọ́rùn-ún wò, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ṣe ohunkóhun, kò sì pọ̀. Èyí tí ọmọ àbúrò mi rà, a tú u: iná kéékèèké tó ń ṣẹ́jú ló wà nínú rẹ̀, wáyà kankan ò sì kan ohun tó ń bá bíréènì-bọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀. Mo ní kó yọ ọ́ kó fi skánà sí ihò náà. P0135 ló gbé jáde.